Ẹ fi ilé fọ́mọ, kí ẹ sì máa gbé inú rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa l'Ájàṣẹ́, òfin orílẹ̀-èdè Benin kò ní irú trust (ètò tí ẹnì kan fi ń di dúkìá mú fún ẹlòmíràn) tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣètò dúkìá kí wọ́n tó kú, àmọ́ donation (fífi dúkìá tọrẹ) pẹ̀lú usufruit (ẹ̀tọ́ láti máa lo dúkìá náà, kí ẹ sì máa jẹ èrè rẹ̀) ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́. Lọ́dọ̀ notaire, òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, lẹ ti máa fi ilé fún àwọn ọmọ. Ilé di tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó máa gbé ibẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa gba owó ilé títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Ẹ mú titre foncier (ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀), ìwé ìdánimọ̀, ìwé ìgbéyàwó àti acte de naissance (ìwé ìbí) gbogbo ọmọ lọ, títí kan ọmọ tí ẹ bí síta: òfin ní ìpín tí a kò lè fi du ọmọ kankan, ẹni tí ẹ bá fò lè pẹjọ́ lẹ́yìn yín. Bó bá jẹ́ convention (ìwé tí ẹ fi ra ilẹ̀) nìkan lẹ ní, ẹ kọ́kọ́ lọ gba titre foncier ní ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí a kò tíì pín kì í ṣe tiyín láti fi tọrẹ.

Ẹ̀yìn ìbuwọ́lùwé gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ìwé á wà lọ́dọ̀ notaire, orúkọ bàbá nìkan á ṣì wà ní ANDF. Ẹ bèèrè ẹ̀dà titre foncier tó gbé orúkọ ọmọ àti usufruit yín.

Ẹ rò ó dáadáa o, torí ẹ ò lè kàn yí donation padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, kó kọ ìwé ìhágún: ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi kọ gbogbo rẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó buwọ́ lù ú. Èyí tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tí kò gba ọ̀dọ̀ notaire, kóòtù lè fagi lé e.