Ikọ́ fée, àléjì àti ohun tó wà nínú abọ́ ọmọ

Ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní abúlé kan lápá Ìṣẹ́yìn, mo bá ọmọkùnrin kan lẹ́nu oúnjẹ, kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, àmàlà láfún àti ata lásán ló wà níwájú ẹ̀, kò sí ẹ̀fọ́, kò sẹ́ja. Ìyá ẹ̀ ní ikọ́ fée, ìyẹn ásímà, ló ń ṣe é, torí ẹ̀ lòun ò ṣe ń fún un ní ẹyin, ẹ̀wà náà, rárá, ẹ̀pà ńkọ́, èèwọ̀, ilá ńkọ́, wọ́n ní ó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo ní ṣé ó ti jẹ ọ̀kankan nínú wọn rí tó wá dà á láàmú, ó ní rárá o, àwọn èèyàn ló ní kóun má fún un. Ọmọ ti gbẹ, ikọ́ ò sì lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa yọ oúnjẹ lẹ́nu ọmọ torí pé ó ní ásímà, àyàfi tẹ́ ẹ bá fojú ara yín rí i pé oúnjẹ yẹn gan-an ló ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun tá à ń yọ yẹn ló ń ṣe ara lóore.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú ìfun wa kún fún kòkòrò àìrí, báktéríà ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń fa àìsàn, púpọ̀ nínú wọn ń bá wa ṣiṣẹ́ ni. Ohun tí ikùn wa ò lè lọ̀ kúnná, bí èèpo ẹ̀wà, okùn inú ẹ̀fọ́, èèpo ara hóró àgbàdo, ohun tí dókítà ń pè ní fáíbà, òun ni oúnjẹ tiwọn. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán wọ́n á pèsè àwọn ásíìdì kan, ọ̀kan ń jẹ́ butyrate, tó máa ń pẹ̀tù sínú àwọn ọmọ ogun ara. Àwọn ọmọ ogun yìí ni wàhálà ẹni tó ní àléjì, ara ẹ̀ dà bí ajá tó ń gbó àlejò tí baálé fúnra ẹ̀ pè wálé, eruku lásán, ẹ̀pà lásán, ó ti gbé ìjà. Lára eku ni wọ́n ti rí i jù pé fáíbà máa ń rọ ìjà yìí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ti èèyàn ṣì wà lẹ́nu ìwádìí, àmọ́ ní 2010 wọ́n fi ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé kan ní Burkina Faso tí wọ́n ń jẹ jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wé tàwọn ọmọ ìlú Florence ní Ítálì, àwọn ásíìdì yẹn pọ̀ nínú tàwọn ọmọ Burkina dáadáa. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ọ̀hún, ṣé kì í ṣe tiwa náà ni?

Àmọ́ ẹ wo bá a ṣe ń ṣe ògì. A á rẹ àgbàdo, a á lọ̀ ọ́, a á sẹ́ ẹ, èèrí á lọ bá ewúrẹ́, omi funfun á kù fún ọmọ. Ewúrẹ́ wá ń jẹ fáíbà ju ọmọ ilé lọ! Mi ò ní kẹ́ ẹ má sẹ́ ògì o, ọmọ kékeré ò lè gbé èèrí mì, ṣùgbọ́n tó bá ti dàgbà díẹ̀, kó máa jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo ẹ̀, kó jẹ àgbàdo sísè, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ìbẹ́pẹ, kó má jẹ́ búrẹ́dì funfun àti índómì láàárọ̀ lálẹ́. Abọ́ ẹ̀wà jíjinná kan tó tó ife tíì, fáíbà inú ẹ̀ á tó gíráàmù 11, bẹ́ẹ̀ 25 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbà jẹ ó kéré tán lójúmọ́. Àwọn kan máa ń bi mí nípa irú, pé ṣebí báktéríà wà nínú ẹ̀, ó wà lóòótọ́, àmọ́ iná ọbẹ̀ ti pa púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó dé ẹnu, irú ṣì dáa fún ọbẹ̀ jàre, ẹ má kà á mọ́ oògùn ni.

Ti ẹ̀pà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Kì í ṣe ìyá yẹn nìkan ló ṣìnà, àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà náà sọ ní 2000 pé kí ọmọ tí àléjì wà nínú ìdílé ẹ̀ má fẹnu kan ẹ̀pà títí á fi pé ọdún 3, ìgbà tó di 2008 wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó ọmọ 640 jọ ní London, ọmọ oṣù 4 sí 11 tí ara wọn ti ń sú gan-an tàbí tí ẹyin ò bá lára mu, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀pà, wọ́n ní káwọn tó kù má jẹ ẹ́. Èsì jáde ní 2015, nígbà táwọn ọmọ pé ọdún 5: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ò jẹ ẹ̀pà, nǹkan bí 17 ló ní àléjì ẹ̀pà, nínú àwọn tó jẹ ẹ́, nǹkan bí 3.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́fà tó ti ń jẹ ògì, ẹ ṣa ẹ̀pà, èyí tó bu tàbí tó hunjọ ẹ dà á nù, oró inú ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ yan èyí tó dáa, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná bí àtíkè, ẹ pò ó mọ́ ògì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ fi ṣóńṣó ṣíbí tọ́ ọ wò, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ ẹ fún un ní ìyókù, tó bá yá ẹ jẹ́ kó máa jẹ nǹkan bíi ṣíbí tíì méjì nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ má fún un ní odidi hóró ẹ̀pà o, ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tí ara ẹ̀ ń sú gan-an tàbí tí ẹyin ti ṣe rí, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí.

Àwọn aláboyún, ẹ jẹ ẹja. Ní Denmark, wọ́n fún àwọn aláboyún kan ní òróró ẹja lóṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, lára àwọn ọmọ wọn, 16.9% ló ní ásímà tàbí àyà tó ń súfèé ṣáá, àwọn tí ò gbà á, 23.7%. Inú kápúsù ni wọ́n ti mu ún, ó sì pọ̀, mi ò lè sọ pé bíbẹ́ títọ́ọ̀sì kan á ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ títọ́ọ̀sì àti ṣáwá ló lọ́ràá náà jù nínú ẹja ọjà wa.

Àléjì tòótọ́ kì í sábà fara sin. Oúnjẹ kan náà ni, ìgbàkígbà tó bá jẹ ẹ́, láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì ètè á wú, ara á sú, á máa bì, àyà á há. Edé wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, èròjà kan tó wà nínú edé wà lára aáyán náà, torí ẹ̀ ni ẹni tí ilé ẹ̀ kún fún aáyán fi lè máa bá edé jà. Kí mílíìkì máa yọ àgbà lẹ́nu, kí inú máa kùn, ìyẹn yàtọ̀, ṣúgà inú mílíìkì ni ikùn ẹ̀ ò lè dà mọ́. Ẹ sì dẹwọ́ Flagyl àti tẹ́trà tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́míìsì fún gbogbo inú rírun, wọ́n ń pa báktéríà rere pọ̀ mọ́ burúkú.

Oúnjẹ kì í ṣí àyà tó ti há o. Inhaler, oògùn tí wọ́n ń fà sínú àyà, tí dókítà bá fún ọmọ, kó máa lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Tí ìhà ẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tí kò lè sọ̀rọ̀ parí, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe àgbo. Ẹ gbé ààrò gaàrí jìnnà síbi tó ń sùn pẹ̀lú, èéfín yẹn máa ń bá a jà ju ilá lọ.

Mo sọ gbogbo eléyìí fún ìyá yẹn. Ó ní òun ti gbọ́, ẹ̀wà máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Ti ẹyin ló ṣì ń kọ ọ́ lóminú, ìyá ẹ̀ ló sọ fún un pé ẹyin máa ń kọ́ ọmọ lólè, torí náà ààbọ̀ lòún á kọ́kọ́ fún un ná, tí ẹran inú ìkòkò bá dín, òun mọ ẹni tóun máa bi.