Bí a ṣe ń wá ẹni tí ó ni fáìlì ńlá tí a kò mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà

Ní Tánkè, nílùú Ìlọrin, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gbé wá: kọ̀ǹpútà ń sọ pé àyè ti tán lórí dísìkì C, wọ́n ti pa fíìmù àti àwòrán rẹ́ títí, síbẹ̀ wọn kò rí ohun tí ó gba àyè náà. Ọ̀rẹ́ kan a sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa fáìlì yòówù tí wọn kò bá mọ̀ rẹ́. Bí a bá bá ẹrù ńlá kan ní ìloro agboolé, a kì í gbé e jù sí ààtàn kí a tó béèrè ẹni tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe sí fáìlì tí a kò mọ̀, nítorí pé ètò tí ó dá a sílẹ̀ ni a máa ń gbà mú un kúrò láìba nǹkan mìíràn jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àyè wọlé sí. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí ó ń jẹ́ WinDirStat máa ń ya fáìlì kọ̀ọ̀kan bí àpótí aláwọ̀, èyí tí ó bá tóbi jù ni àpótí rẹ̀ fẹ̀ jù. Ẹ ṣí i pẹ̀lú “Run as administrator”, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn fódà kan yóò tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ná dátà lè lọ sí Settings, kí ó tẹ System, kí ó sì tẹ Storage, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé ibẹ̀ kò kúnná tó bẹ́ẹ̀.

Fáìlì tí wọ́n máa ń bi mí léèrè jù ni hiberfil.sys, tí Windows, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, fi pamọ́ sí dísìkì C. Kì í ṣe kòkòrò kọ̀ǹpútà. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá fẹ́ hibernate (kí ó kú láìpa iṣẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ dé), ohun tí ó wà nínú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni ó máa ń dà sínú fáìlì yìí kí ó tó kú, kí ó lè rí i kó padà nígbà tí a bá tún tàn án. Lórí Windows 10, ó sábà máa ń tó ìdá 40 nínú 100 RAM, tí ó fi jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB lè ní èyí tí ó lé díẹ̀ ní 3 GB. Bí ẹ bá ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, tí ẹ sì tẹ powercfg /h off, ojú ẹsẹ̀ ni yóò pòórá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé kí gbogbo ayé ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn fún ẹni tí iná máa ń lọ mọ́ lọ́wọ́, nítorí pé nígbà tí bátìrì bá fẹ́ tán pátápátá, fáìlì yìí ni ó ń gba iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ là. N kò lè torí 3 GB fi orí kẹrin iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́. Ti pagefile.sys kò gba àlàyé púpọ̀: ìrànlọ́wọ́ ni fún RAM, ẹ fi í sílẹ̀.

Fódà WinSxS, tí ó wà nínú fódà Windows, máa ń tàn wá jẹ. Fáìlì kan ṣoṣo lè ní orúkọ níbẹ̀, kí ó tún ní orúkọ níbòmíràn, a ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Nínú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ Dism.exe /Online /Cleanup-Image /StartComponentCleanup, kí Windows fúnra rẹ̀ kó ohun tí ó ti gbó kúrò. Windows.old ní tirẹ̀ ni Windows àtijọ́ tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbéga, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10. Bí ó bá ń kán yín lójú, ẹ lo Disk Cleanup, kí ẹ tẹ “Clean up system files”, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ inú rẹ̀ wò bóyá ìwé yín wà níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, àwa gan-an ni a ni ẹrù náà tí a ti gbàgbé. Mo ti rí fódà kan tí ó ń jẹ́ MobileSync tí ó ju 30 GB lọ, tí ó sì jẹ́ ẹ̀dà ohun tí ó wà lórí iPhone kan tí ẹni tí ó ni láptọ́ọ̀pù ti tà. Inú iTunes, ètò tí ó dá a sílẹ̀, ni a ti pa á rẹ́.

Bí ẹ bá ti pa fáìlì tiyín rẹ́ tí àyè kò sì kún sí i, ẹ wo Recycle Bin, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ṣì wà títí ẹ ó fi tẹ “Empty”.