Laptop tòkunbọ̀ tí mo fi aṣọ aró yàn

Iṣẹ́ àdìrẹ ni màámi ń ṣe ní Abẹ́òkúta, èmi ni mo sì ń fi fóònù ya fídíò iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ibi tí mo fẹ́ràn jù láti yà ni ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró. Bó ṣe ń jáde, kò tíì dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ní, ewé tó ti fẹ́ máa pọ́n. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀ títí á fi di aró lójú ẹni. Àwọn oníbàárà wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń wò ní àwòtúnwò kí wọ́n tó béèrè iye tí à ń tà á.

Orí fóònù náà ni mo ti ń gé fídíò tẹ́lẹ̀. Bí fídíò bá ti gùn díẹ̀, fóònù á gbóná bí ààrò, á ní ààyè ti tán, iṣẹ́ wákàtí méjì á sì dàwátì. Ìgbà tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kẹta ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. ₦350,000 ni mo rí kó jọ. Owó yẹn kò lè ra laptop tuntun tó máa gbé fídíò. Tòkunbọ̀ ló kù.

Àbúrò mi kan wà ní Òṣogbo tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo pè é. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Àǹtí, wọ́n máa pariwo i7 lé yín lórí. Ẹ má dá wọn lóhùn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ kà." Mo ní kó là á yé mi. Ó ní i5 àti i7 ni orúkọ tí Intel fi ń pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe. Láti ìran kejì dé ìkẹsàn-án, nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlà kékeré yẹn ló ń sọ ìran tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ti wá: i7-7600U, ìran keje nìyẹn, i5-8350U, ìran kẹjọ. Lẹ́tà U tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ máa rí lára èyí tó pọ̀ jù nínú laptop ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó wọlé. Nínú wọn, core méjì péré, ìyẹn ọwọ́ tí ọpọlọ náà fi ń ṣiṣẹ́, ni i7 ìran keje ní. Nígbà tí ìran kẹjọ jáde ní 2017, Intel sọ ọ́ di mẹ́rin, kódà nínú i5. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sì ni iṣẹ́ fídíò, bí ọwọ́ bá ṣe pọ̀ sí i tó ló ṣe ń yá tó.

Ìdí kejì tún wà. Láti 14 October 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tí kò bá tíì dé ìran kẹjọ. Owó tí mo fi ọdún kan kó jọ, mi ò fẹ́ fi ra ohun tí wọ́n ti pa tì.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ dín ní 8GB, kó sì ní ojú méjì tí a lè ki RAM sí, ká lè sọ ọ́ di 16 bówó bá dé. Ibi ìkópamọ́ rẹ̀, SSD ni kó jẹ́, kì í ṣe hard disk tó ń yí. Kí iye àmì kékeré tó ń gbé àwòrán jáde lójú rẹ̀ jẹ́ 1920 sí 1080, torí lórí 1366 sí 768, èèyàn kì í rí fídíò àti ibi tó ti ń gé e pa pọ̀ dáadáa. Mo wá kọ orúkọ mẹ́ta sínú ìwé: ThinkPad T480, Dell Latitude 7490, HP EliteBook 840 G5. Laptop ọ́fíìsì ni gbogbo wọn, 2018 ni wọ́n jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun á lò wọ́n fún ọdún mélòó kan, wọ́n á sì tà wọ́n lápapọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra tuntun. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n pọ̀ lọ́jà wa, tí ẹ̀yà ara wọn kì í sì í ṣòro rí.

Kí n tó kúrò nílé, mo kó nǹkan méjì sínú báàgì. Èkíní ni fláàṣì. Mo kó Shotcut, ètò tí wọ́n fi ń gé fídíò, sínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, irú èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láìjẹ́ pé a gbé e sínú kọ̀ǹpútà onítọ̀hún. Mo tún kó fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo fúnra mi yà sí i, pẹ̀lú ohùn màámi àti àkọlé lórí rẹ̀. Èkejì ni aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó wà nínú fídíò yẹn gan-an, ìdajì ọ̀pá, tí màámi fi ìyẹ́ adìyẹ fa ìlà ẹ̀kọ sí lára. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ fi aṣọ ṣe ní ọjà kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Màámi, òun ló máa bá mi yan ọjà."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Abẹ́òkúta, mo sọ̀ ní Agége, mo sì wọ dánfó dé Ìkẹjà. Ẹni tó bá ti dé Computer Village rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn kì í tíì kan títì Ọ̀tígbà tí wọ́n á ti máa fà á lọ́wọ́: "Àǹtí, laptop ńkọ́? Fóònù ńkọ́? Ẹ wá rà, ẹ wá tà!" Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní títì. Ṣọ́ọ̀bù tó ní iná, tó ní tábìlì, tó sì máa gbà kí n jókòó ni mò ń wá, torí àyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe kì í ṣe ti orí ìdúró.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, mo rí T480 kan tó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ sì rọjú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pa á, mo tún tàn án, mo tẹ F1 bí àbúrò mi ṣe kọ́ mi, láti wọ BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ṣebí Windows ń ṣiṣẹ́. Mo pe Òṣogbo lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi ní kí n dìde. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló tì í pa, bọ́jọ́ kan bá dé tó pọn dandan kí n wọ ibẹ̀, mi ò ní rọ́nà gbà, ó sì lè gba pé kí wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lódindi. Mo dúpẹ́, mo jáde. Ó dùn mí, torí ọjà náà wù mí.

Ṣọ́ọ̀bù kejì ni mo ti ṣe àyẹ̀wò tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé HP EliteBook 840 G4 kan, èyí tó ṣáájú G5, fún mi, i7-7600U, ó ní, "Àǹtí, i7 nìyí o, agbára ń bẹ níbẹ̀." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé G5 tó ní i5-8350U sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 8GB ni RAM àwọn méjèèjì. Mo da fídíò kan náà sínú wọn, mo sì tẹ export, tó ń sọ iṣẹ́ náà di fídíò tó parí, lórí wọn pa pọ̀. G5 parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, G4 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá ìdajì ni, fáànù rẹ̀ ń kùn, abẹ́ rẹ̀ sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi kò lè dúró níbẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó parí. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ń wò ó. Owó tó pè lórí i7 yẹn ló pọ̀ jù.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì lórí G5 láì jẹ́ kó sinmi, nítorí pé ooru máa ń mú kí laptop fa ẹsẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ kì í sì í fi hàn. Ó fi bí ìṣẹ́jú kan pẹ́ sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

G5 mẹ́ta ni wọ́n ní. Orí ojú wọn ni mo ti pẹ́ jù, torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe wá. Mo tẹ́ aṣọ màámi sórí tábìlì, mo gbé laptop kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi fídíò sí ibi tí aṣọ ti ń jáde nínú aró. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe kí ẹni tó jókòó síbòmíràn má baà rí ohun tí ò ń wò. F2 ni wọ́n fi ń tàn án tí wọ́n sì fi ń pa á. Kódà nígbà tí mo pa á, bí mo bá ti yẹ orí díẹ̀, aró á di eérú. Èkejì mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ewé àti aró fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ kan náà lórí rẹ̀, ìlà ẹ̀kọ tín-ín-rín tí màámi fà sì pòórá. Ẹni tó bá ń fi irú rẹ̀ tún àwọ̀ fídíò ṣe, á máa fi kún ohun tí kò yẹ kó fi kún ni, aṣọ tó bá sì dé ọwọ́ oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní jọ èyí tó rí.

Ẹ̀kẹta ló tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rí ewé, mo rí i bó ṣe ń ṣú, nígbà tó di aró, mo wo tábìlì, mo wo kọ̀ǹpútà, wọ́n sún mọ́ra. Mo ṣí ojú ewé funfun kan, mo wá àbàwọ́n títí, mi ò rí.

Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ni wàhálà. Jámánì ló ti wá. Ibi tó yẹ kí Y wà, Z ló wà níbẹ̀, Y sì wà nísàlẹ̀. Àwa tí Y kún ọ̀rọ̀ wa, tí a kò sì ní Z rárá! Èèyàn lè yí i padà nínú Windows, ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnì nìkan ni kò ní yí. Ọmọkùnrin náà ní òun lè pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù náà. Mo kọ̀. Laptop tó dára báyìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u lójú mi. Mo fi kíbọ́ọ̀dù náà ná ọjà dípò bẹ́ẹ̀.

Mo fi bátìrì náà ná an. Mo kọ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, ojú ewé dúdú inú Windows tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ó sì kó àkọsílẹ̀ jáde. Nǹkan bí 50,000 mWh ni bátìrì náà lè gbà nígbà tó jẹ́ tuntun. 38,000 ló lè gbà báyìí. Bátìrì kò lè purọ́ níbẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń tajà búra pé wákàtí mẹ́fà ló ń lò. ₦340,000 ló kọ́kọ́ pè, mo bẹ̀rẹ̀ ní ₦270,000, a parí ẹ̀ sí ₦305,000 pẹ̀lú ṣájà 65W tó jẹ́ ojúlówó. Mo ní kó kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ laptop sínú rìsíìtì, kó sì kọ ọ́ pé mo lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó tó kù ni mo fi ra 8GB RAM kún un. Kì í ṣe torí pé ó pọ̀ nìkan. Intel UHD 620 tó ń bá a ya àwòrán kò ní ìrántí tirẹ̀, inú RAM ló ti ń yá ààyè. Bí RAM bá wà ní ojú méjèèjì, ọ̀nà rẹ̀ á fẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo délé, mo dán DaVinci Resolve, ètò míràn tí wọ́n fi ń gé fídíò, wò, torí gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Ó ṣí, ó sì wúwo. Kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Mo padà sí Shotcut. Mo tan Proxy nínú Settings rẹ̀, kó máa ṣe ẹ̀dà kékeré fídíò kọ̀ọ̀kan tí màá fi máa gé e, nígbà tí mo bá fẹ́ export, á lo ojúlówó. Láti ìgbà yẹn, fídíò kì í há mọ́. Fóònù mi tún ní ọ̀ràn tirẹ̀: iye àwòrán tó ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í dúró lójú kan, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí ohùn màámi ṣáájú ẹnu wọn. Shotcut máa ń rí i, á sì béèrè bóyá kí òun sọ ọ́ di èyí tó rọrùn láti gé. Mo máa ń gbà.

Ní ọjọ́ Àìkú ni mo pe màámi kí wọ́n wá wo fídíò àkọ́kọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan ibi tí aró ti ń ṣú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "O ti fo èyí tí mo tún rì í lẹ́ẹ̀kejì." Òótọ́ ni, mo ti gé e kúrò kó má baà gùn jù. Mo jókòó, mo dá a padà síbẹ̀ lójú wọn, mo tẹ export, a sì jọ jókòó dè é.