Bí ẹ ṣe lè ka The Seven Deaths of Evelyn Hardcastle láì sọnù sínú ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bíró àti ìwé tẹ́ ẹ lè kọ nǹkan sí kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé yìí o. Èmi kọ́kọ́ kà á bí mo ṣe máa ń ka gbogbo ìtàn ta-ló-pa-á, nígbà tí mo fi máa dé àárín mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, mo bá padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú bíró lọ́wọ́, ìgbà yẹn ló tó wá dùn mọ́ mi dé egungun.

Stuart Turton ló kọ ọ́, 2018 ló jáde. Èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, 7½ ló wà níwájú Deaths, ìwé kan náà ni, ẹ má lọ ra méjì.

Bó ṣe rí nìyí: ilé ńlá àtijọ́ kan wà nínú igbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Blackheath lorúkọ ẹ̀, wọ́n ń ṣe pátì níbẹ̀, tó bá di aago 11 alẹ́, Evelyn ọmọ onílé á kú. Aiden Bishop ló gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó pa á. Ọjọ́ yẹn náà ló máa ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹjọ, àmọ́ inú ara ẹlòmíì ni Aiden á máa jí sí, ó jí bíi dókítà, ó tún jí bíi bọ́tílà, ìyẹn olórí àwọn ìránṣẹ́ inú ilé, nígbà tó bá yá ó di olówó kan tó sanra débi pé àtidìde lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an, iṣẹ́ ni. Tí ìkẹjọ bá parí tí kò rí ìdáhùn, wọ́n á pa gbogbo ohun tó rántí rẹ́, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀.

Àwa tá a fi ìwé Kọ́lá Akínlàdé dàgbà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan la máa ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Níbí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn ń bá ara ẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà ni, torí ara mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló jọ ń rìn nínú ilé kan náà lọ́jọ́ kan náà!

Torí náà, ẹ má fi ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì pín ìwé yín, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Aago ni kẹ́ ẹ fi pín in: òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, títí dé 11. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ aago ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ara tí Aiden wà nínú ẹ̀ nígbà tó rí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tí ò nítumọ̀, bíi kọ́ńpáàsì tẹ́nì kan jù sápò dókítà nínú igbó, ẹ fàmì sí i, ẹ máa bá tiyín lọ, ó ń bọ̀ wá bá yín níwájú.

Ẹ máa wo orí ojú ewé tí orí tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, torí ọjọ́ bọ́tílà kì í tán lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń padà wá láàárín ọjọ́ àwọn tó kù. Ẹ kíyè sí ìwà ara kọ̀ọ̀kan náà. Derby, oníwàkiwà onínúfùfù ni, Dance ti darúgbó, orúnkún ń dùn ún, ìwà àwọn wọ̀nyí ń fa Aiden, ẹ má gba gbogbo ohun tó bá rò gbọ́ bó ṣe rí.

Ìwé ìpè àti orúkọ àwọn àlejò tó wà níwájú ìwé ńkọ́? Ẹ má fò ó.

Ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ láì kà á, ẹ ò ní rántí nǹkan kan mọ́. Ẹ má sì wò ó lórí Google, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ yọjú wo ìparí, mo bẹ̀ yín ni.

Tẹ́ ẹ bá kà á tán, kẹ́ ẹ tó yá ẹlòmíì, ẹ tún orí àkọ́kọ́ kà, níbi tí Aiden ti ń pariwo orúkọ Anna nínú igbó tí ò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.