Bí mo ṣe to ìrìnàjò ìdílé wa jọ láti inú ìwé gbèsè Ìyá Àgbà

Ọmọ àbúrò mi ní Manchester ló gbé iṣẹ́ yìí kọ́ mi lọ́rùn. Ọmọ ọdún 9 ni. Tíṣà wọn ní kí oníkálukú wá kọ ibi tí àwọn ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ bá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Bùọ̀dá mi, ṣé Ìbàdàn ni ká kọ ni, àbí Ògbómọ̀ṣọ́, àbí Kùmásì?" Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù 5 ló gbà mí.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dáa. Mo lọ bá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbé fóònù síwájú wọn, mo bi wọ́n pé ọdún wo ni bàbá wọn kúrò nílé lọ sí Gánà. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé èmi ni mo bí i ni?" Mo tún béèrè ọdún tí wọ́n bí àwọn fúnra wọn, wọ́n ní kí n jẹ ẹ̀kọ mi kí n yéé da àwọn láàmú. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé fóònù mi ti kún, kò gba ohùn kankan sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pa àwọn fídíò ẹ̀fẹ̀ inú fóònù yín rẹ́.

Ìgbà tí mo padà lọ, mo fi ọ̀rọ̀ ọdún sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ni bàbá yín rù lọ?" Ẹnu wọn bá ṣí. Aṣọ òfì ni. Ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù ni nígbà náà, ó ń tẹ̀lé àbúrò ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ẹrù lórí, ẹsẹ̀ nílẹ̀: Ṣakí, Parakou, Djougou, Yendi, títí wọ́n fi já sí Kùmásì. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, obì gbàǹja ni wọ́n ń rù. Owó oṣù kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ̀lé ẹbí rẹ̀ lọ á máa kiri ọjà fún un, ọdún 5, ọdún 7, títí ọ̀gá á fi bu ọjà fún un pé kó máa dá ṣe. Òun náà á wá ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n mú àbúrò òun wá. Bí agbo ilé wa ṣe ń ṣófo díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Mo bi wọ́n bóyá bàbá wọn bá rélùwéè ní Kùmásì. "Ó bá a. Ó ní òun rò pé ilé ló ń sáré." 1903 ni ojú irin láti Sekondi dé Kùmásì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀yìn 1903. Ọdún àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bà nìyẹn. Bí mo ṣe rí àwọn yòókù náà nìyẹn. Ìyá Àgbà ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já bàbá mi lẹ́nu ọmú nígbà tí Nkrumah gba òmìnira. Oṣù kẹta 1957 ni òmìnira Gánà, a jẹ́ pé ní nǹkan bí 1955 ni wọ́n bí bàbá mi. 1958 ló wà nínú ìwé iṣẹ́ ìjọba wọn. Ẹ má bá mi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà sí Ìbàdàn, Ìyá Àgbà kì mí, bí wọ́n ti máa ń ṣe: Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gbọfà lẹ́yìn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò fetí sí i rí. Ìkòyí kẹ̀? Ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá? Àṣé sísá làwọn baba ọkọ wọn sá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ogun ń tú àwọn ìlú Ọ̀yọ́ ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́, ni èrò láti oríṣiríṣi ìlú bá ń wọ́ lọ síbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹni tí kì í gbọfà lẹ́yìn, báwo ló ṣe sá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kú sójú ogun kọ́ ló bí ẹ."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ti wá rí ohun tí n kò wá lọ. Àpótí páànù kan wà níbẹ̀, ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan sì wà lábẹ́ aṣọ inú rẹ̀, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Ìwé gbèsè ọjà aṣọ tí wọ́n ń tà ní Kùmásì ni. Ìyá Àgbà kò mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ń bá wọn kọ ọ́ tí ó bá ti iléèwé dé. Nígbà tí mo fi han Àǹtí, wọ́n pariwo: "Háà, ọwọ́ mi rèé!" Wọ́n ń fi ìka tọ ẹsẹ̀ 7 tí wọ́n máa ń fi ìlà gé láàárín.

Mo gbé ìwé náà lọ sójú fèrèsé, mo ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Orúkọ oníbàárà, ohun tó gbà, ohun tó kù: Akosua onítòmátì, ìró 1, ó ku sídì 3. Ní oṣù kẹwàá 1969, sídì 5 ni ìró kan. Ní 18 oṣù kọkànlá, ìjọba Busia ní Gánà kéde pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kó jáde. Lójú ewé ọjọ́ 20 oṣù náà, ìró kan náà ti di sídì 2. Ní ọjọ́ 24, sídì 1. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ṣófo.

Ohun tó fa ìjà wà láàárín ìwé náà. Gbogbo wa la mọ ìtàn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àgbà ní Kùmásì, bí ìjọba Gánà ṣe lé wọn tí gbogbo rẹ̀ sì run. Ojú ewé 11: "Bàbá. Ìró 4. Kò tíì san." Mo fi í sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọkùnrin jáde kúrò nínú gúrúùpù fún ọjọ́ méjì. Mo bi Ìyá Àgbà. Wọ́n ní Bàbá ní ọjà tiwọn, àwọn náà ní tàwọn, ṣùgbọ́n ìdajì ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwìn ni Bàbá gbà lọ́wọ́ àwọn. Ta ló wá lówó tó run? Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn lórí gúrúùpù.

Ìrìn ọjọ́ tí wọ́n lé wọn kúrò ní Gánà kò gùn lẹ́nu wọn. Lọ́rì ni wọ́n wọ̀: Aflao, Lomé, Cotonou, Ìdìrókò. Wọ́n bá ogun abẹ́lé nílé. Ìbàdàn ni Ìyá Àgbà ti tún bẹ̀rẹ̀, ní Gbági, wọ́n ń ta aṣọ náà ni. Bàbá mi sọ ọ̀kan kún un: ní oṣù kìn-ín-ní 1983, nígbà tí ìjọba Shagari ní kí àwọn ará Gánà àti àjèjì yòókù tí kò níwèé máa lọ, obìnrin aránṣọ kan ní àdúgbò wọn ń di ẹrù. Ìyá Àgbà bá a di í, wọ́n fún un ní gààrí, wọ́n ní "Nante yie," ìyẹn ni pé kó rìn re. Bàbá mi ní òun kò mọ̀ títí dọjọ́ yẹn pé ìyá àwọn ṣì ń rántí Twi.

Àbúrò Ìyá Àgbà kan rí ìwé gbà ní 1969, kò bá wọn bọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní Kùmásì títí dòní, ó ń sọ Yorùbá tí kò yàtọ̀ sí ti àwọn àgbàlagbà ilé wa. Mo fi fídíò pè é, mo gbé fóònù sójú Ìyá Àgbà. Wọ́n kí ara wọn títí, Ìyá Àgbà wá béèrè Akosua onítòmátì. Ó ní òun yóò wádìí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè padà: Akosua ti di olóògbé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tajà báyìí. Ó wá ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ti bá Màmá ṣírò gbèsè náà, pé láti ìgbà tí wọ́n ti gé òdo 4 kúrò lára sídì ní 2007, sídì 3 ìgbà yẹn kò tó péséwà kan mọ́.

Ìyá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ta ló ń bi yín léèrè owó? Ìró ni mo tà fún un."