Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ríra Wáráńtì Àfikún fún Ọkọ̀

Inú orúkọ náà gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ wáráńtì àfikún, wọ́n a máa rò pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó fi ọdún kún ìlérí àtúnṣe tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Owó wáráńtì tí ó bá ọkọ̀ tuntun wá ti wà nínú owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn àtúnṣe tí a ń fi owó ọ̀tọ̀ rà ni àfikún, ó sì lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó àtúnṣe, kí ẹ sì béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, torí pé bí ẹni tí ó ta àdéhùn bá kógbá wọlé, ìwé lásán ni yóò kù lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á.

Ọ́fíìsì ẹni tí ń ta ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó ti rẹ ẹni tí ó wá ra ọkọ̀, ó ti fọwọ́ sí ìwé títí, ọkàn rẹ̀ sì ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún un, ìgbà náà gan-an ni wọn yóò sọ pé owó kékeré ni àfikún yóò fi kún ohun tí yóò máa san lóṣooṣù. Ẹ má ṣe fi owó oṣooṣù tan ara yín jẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá kó o mọ́ owó tí ẹ yá ra ọkọ̀, èlé yóò máa gun orí rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní wúlò títí wáráńtì àkọ́kọ́ yóò fi parí. Kò sì dandan kí ó jẹ́ ọjọ́ yẹn. A sábà máa ń rí i rà níwọ̀n ìgbà tí wáráńtì àkọ́kọ́ kò bá tíì tán, a sì lè ná an bí a ṣe ń ná ọjà yòókù.

Àṣìṣe ìṣirò ni mo kà sí èyí tí ó ń jẹni jù, nítorí pé kò hàn. Ẹ jẹ́ ká ní wáráńtì tí ó bá ọkọ̀ wá jẹ́ ọdún 3 tàbí 60,000 kìlómítà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé, tí àfikún sì jẹ́ ọdún 7 tàbí 160,000 kìlómítà. Ẹni tí kò bá béèrè yóò rò pé ọdún 7 náà yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí 3 bá parí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ọkọ̀ tuntun, ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ jáde ni wọ́n ti ń kà á. Ọdún 4 péré ni ẹ rà. Ẹni tí ó bá sì ń wa 30,000 kìlómítà lọ́dún, wáráńtì àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò tán ní ọdún 2, àfikún yóò sì tán nígbà tí ọkọ̀ bá pé ọdún 5 àti oṣù 4, ìyẹn ni pé ọdún 3 àti oṣù 4 ni owó rẹ̀ rà. Ẹni tí kì í sì í lo ọkọ̀ kọjá ọdún 4 kó tó tà á, ọdún kan péré ni yóò jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì ka ojú ewé ohun tí wọn kò ní san fún. Àwọn àdéhùn kan ń dárúkọ ohun tí wọ́n gbà láti tún ṣe, ohun tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn ń dárúkọ ohun tí wọn kò gbà, wọ́n sì gba ìyókù. Irú kejì yìí ni ó sàn fún ẹni tí ó ni ọkọ̀, òun náà ni ó sì máa ń wọ́n. Táyà, bíréèkì àti wáípà kì í sábà sí nínú ìkankan, nítorí pé lílò ni ó ń jẹ wọ́n. Ìyẹn kò le. Èyí tí ó le ni kí rọ́bà omi rédíétọ̀ là lójú ọ̀nà, kí ẹ́ńjìnnì gbóná títí gásíkẹ́ẹ̀tì fi jó, kí wọ́n wá sọ pé rọ́bà kò sí nínú àdéhùn, àti pé ohun tí kò sí nínú àdéhùn ni ó ba ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Bákan náà, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé-iṣẹ́ tí ó ta àdéhùn kó tó tú gíà palẹ̀, bí ohun tí wọ́n bá sì rí nínú rẹ̀ kò bá sí nínú àdéhùn, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò san owó títú àti títò.

Rìsíìtì ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí à ń jù nù, òun ni ẹ̀rí pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 kò gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti fagi lé wáráńtì kìkì nítorí pé mẹkáníìkì ìta ni ó pààrọ̀ ọ́ìlì, àmọ́ kò gba ẹni tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì rárá là. Ní ti àwọn tí ń pe fóònù pé wáráńtì yín fẹ́ parí, ẹ pa fóònù náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ní oṣù Keje ọdún 2022, àjọ FCC, tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti má ṣe gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́.

Kíkọ̀ láìrò náà jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tí yóò lo ọkọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí ọkọ̀ náà kún fún sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà tí àtúnṣe wọn wọ́n, tí kò sì ní owó tí ó lè fi tún gíà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, lè rà á. Ẹni tí ó bá lè máa fi iye kan náà pamọ́ lóṣooṣù, tí kò sì ní fọwọ́ kàn án, ni èmi yóò sọ fún pé kó má rà á, nítorí pé bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́, owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó sì ti rà á, kó wo ojú ewé ìfagilé lónìí. Ọ̀pọ̀ àdéhùn máa ń dá gbogbo owó padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì máa ń dá apá kan padà lẹ́yìn náà, títí kan ìgbà tí a bá ta ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ ìwé béèrè, kò sí ẹni tí yóò wá a wá.