Ẹ Má Gé E Mọ́lẹ̀: Àṣìṣe Tí Ń Sọ Koríko Iwájú Ilé Di Ilẹ̀ Gbalasa

"Ẹ bá mi gé e mọ́lẹ̀ dáadáa o, kó lè pẹ́ kí n tó tún pè yín." Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn onílé n'Ìbàdàn nìyẹn, láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn tọ́jú koríko. Owó ni wọ́n fẹ́ ṣọ́, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni koríko ti ń kú. Ẹni tó ń ṣán igbó fẹ́ kí ohun tó wà nílẹ̀ lọ pátápátá. Ẹni tó ń gé koríko tí òun fowó rà, tí òun fọwọ́ gbìn, ó yẹ kó fẹ́ kó yè.

Ewé ni koríko fi ń jẹun. Inú ewé ló ti ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ tí gbòǹgbò ń jẹ. Bí a bá fá ewé tán, ìwọ̀nba oúnjẹ tó ti fi pamọ́ ni yóò fi hu òmíràn, gbòǹgbò kò sì ní lè wọlẹ̀ mọ́. Koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn kì í rí omi mu tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Kò tán síbẹ̀ o: oòrùn á máa ran ilẹ̀ tó ti ṣí sílẹ̀, èso gbégi àti patanmọ́ tó ti ń sùn nínú iyẹ̀pẹ̀ á rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á hù.

Ilé kan wà tí mo dé nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ olókùn, èyí tí okùn ẹnu rẹ̀ ń yí bírí láti gé koríko, kọ́ èjìká ti bá wọn gé kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì wọn kí n tó débẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ tú u wò. Ewé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìtàkùn funfun ló kù, ó nà gbalaja lórí ilẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ náà sì ti ń fì lọ fì bọ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀ roboto roboto. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí ìgbà tí wọ́n dáná sun ún. Nígbà tí òjò dé, gbégi ló kọ́kọ́ yọ.

Ẹ̀rọ olókùn dára fún ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ìdí igi àti etí gọ́tà. Ṣùgbọ́n kò ní ìwọ̀n. Apá ẹni tó gbé e ni ìwọ̀n rẹ̀, apá á sì rẹ̀ ẹ́ tó bá di ọ̀sán. Ẹ̀rọ onítáyà, èyí tí à ń tì lórí ilẹ̀, ni kí ẹ lò fún àárín pápá.

Nọ́ńbà 1, 2, 3 tó wà lára ẹ̀rọ yẹn, tí a fi ń gbé abẹ sókè sódò, kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé e sórí símẹ́ǹtì tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà kúrò lórí plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti símẹ́ǹtì dé ẹnu abẹ. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tí ewé rẹ̀ fẹ̀, 4 sí 5 sẹ̀ǹtímítà ni mo máa ń fi sí. Lábẹ́ igi máńgòrò mo máa ń jẹ́ kó tó 6, torí koríko inú ibòji nílò ewé púpọ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Koríko Bàhámà tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín, tó fẹ́ràn oòrùn, lè wà ní 2.5 sí 4. Ti àyíká ihò pápá gọ́ọ̀fù tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí kò ju mílímítà mélòó kan lọ, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń gé e, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ má fi ti ilé yín wé e.

Àwọn mìíràn kì í tètè gé e, wọ́n á jẹ́ kó ga dé orúnkún, wọ́n á wá gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ewé ni kí abẹ mú lẹ́ẹ̀kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń fẹ́ 4, ẹ gé e nígbà tó bá di 6. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé, tí ẹ bá a ní 12, ẹ gé e sí 8, ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan, ẹ gé e sí 5.5, kí ẹ tó mú un dé 4. Ẹni tó bá sọ pé owó òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù báyìí, kó ṣírò iye tí yóò fi ra koríko tuntun, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ olóràá, ọkọ̀ tó máa kó o wá àti àwọn tó máa gbìn ín.

Abẹ tí kò mú kì í gé ewé, ṣe ló ń fà á ya. Orí ewé á funfun, á sì gbẹ. Ẹ pọ́n abẹ náà. Ẹ má gé koríko tó ṣì tutù fún òjò. Ewé tí ẹ gé tó bá já wẹ́wẹ́, ẹ fi sílẹ̀ kó jẹrà, ajílẹ̀ ni. Bí ọyẹ́ bá sì ti kù díẹ̀ kó dé, ẹ gbé abẹ sókè díẹ̀ ju ti ìgbà òjò lọ.

Bí ọmọ tó wá gé kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì yín bá bi yín pé báwo ló ṣe yẹ kó ga tó, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìka mẹ́ta lélẹ̀ ní ìbú, ọ̀kan lórí èkejì. Ti àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ ní kó dúró níbẹ̀.